Ìkúnlẹ̀ Tí Mo Fagi Lé Nínú Fọ́ọ̀mù

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìtọ́jú Màmá, ẹ kú ọyẹ́ tó mú lọ́dọ̀ yín, ẹ kú àìgbóhùn mi látọjọ́ mẹ́ta. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà bí mo ṣe ń kí yín yìí. Màmá mi, ẹ kú ẹ̀yìn wa o, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi Mọ́ńsúrù, ẹ kú àmójútó ilé àti oko. Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ kú làálàá. Àbúrò mi Bàṣírátù, ìwọ tó ò ń ka ìwé fún Bàbá láti ìgbà tí awò ojú wọn ti fọ́, mo bẹ̀ ọ́, ní kí wọ́n jókòó kí o tó bẹ̀rẹ̀. Má sì fo ibì kankan, bí ohùn rẹ tilẹ̀ fẹ́ máa gbọ̀n.

Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé ojú ìwé ìròyìn ni lẹ́tà mi gbà dé ọ̀dọ̀ yín. Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ọ̀rọ̀ inú ilé. Àwọn ará Ìsẹ́yìn tó wà l'Ékòó ń sọ ọ́ ní ìsọkúsọ. Àwọn kan ní bọ́ọ̀sì ló gbá Àlájà ẹ̀gbọ́n yín, àwọn kan ní èmi ni mo tì wọ́n. Mo tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnì kan tó ní wọ́n ti kú, tó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó fídáù. Ṣùgbọ́n èyí tí àwa fúnra wa sọ fún yín lórí fóònù ló burú jù, torí pé àwa mọ̀ pé irọ́ ni. Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní bí òwe yẹn ṣe parí. Bàbá mi, ẹ̀gbọ́n yín kò yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀. Ojú títì ni wọ́n ṣubú sí, níwájú bọ́ọ̀sì, nígbà tí ọwọ́ wọn wà lórí mi.

Ẹ mí kanlẹ̀. Wọ́n wà láàyè. Egungun ìbàdí ló ṣẹ́, wọ́n ti tò ó, wọ́n sì ti ń bú àwọn nọ́ọ̀sì pé ọbẹ̀ ọsibítù kò níyọ̀. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti parí ní Pólì tí ẹ sì fi mí ránṣẹ́ sí wọn, ọ̀dọ̀ Àlájà ni mò ń gbé, nínú agbo-ilé ọkọ wọn ní Ìsàlẹ̀ Gángan. Ilé náà kún. Bí ẹ bá jí lóru, ẹ ó gbọ́ èémí èèyàn mẹ́wàá láti yàrá mẹ́rin. Bí òjò bá rọ̀, omi á wọlé wá kí wa, àwa náà á fi korobá dá a padà. Síbẹ̀, àárò máa ń sọ mí. Orúkọ tí wọ́n fi ń pè mí níbi iṣẹ́ kì í dá mi lóhùn nínú. Àlájà nìkan ló ń pè mí ní Àjọkẹ́ ní gbogbo Èkó yìí. Láràárọ̀, kí n tó jáde, mo máa ń kúnlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà yàrá wọn, wọ́n á sì gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n á ṣàdúrà títí orúnkún á fi máa ro mí. Bí mo bá ti gba ìyẹn, mo lè kojú ọjọ́.

Iṣẹ́ mi ńkọ́? Ẹ kò tíì gbà pé iṣẹ́ ni. Ọjọ́ tí mo sọ fún yín pé èèyàn ni mò ń kà lẹ́bàá títì, ẹ ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, pé ṣé kò sí ohun mìíràn tí wọ́n ń kà l'Ékòó ni. Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Iléeṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ ló gbà wá síṣẹ́. Wọ́n fẹ́ mọ ibi tó yẹ kí àwọn ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì BRT wà ní agbègbè wa, láti Ìdúmọ̀tà wọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Wọ́n sì fẹ́ ṣe iná tó ń darí ọkọ̀ lọ́nà tí yóò fi máa yà fún bọ́ọ̀sì. Ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú bọ́ọ̀sì, òmíràn wà lára òpó iná. Bí bọ́ọ̀sì bá ti ń sún mọ́ tòsí, òpó á ti mọ̀. Bí iná tó dá bọ́ọ̀sì dúró bá ṣì pọ́n, á yí i padà kíákíá. Bí ó bá sì jẹ́ pé àsìkò àwọn tó ń fẹsẹ̀ sọdá ni, á gé àsìkò náà kúrú, kí bọ́ọ̀sì lè kọjá.

Ẹ̀yin tí ẹ fi ọgbọ̀n ọdún wa lọ́rì iṣu wá sí Èkó, ẹ ní ẹ kò tíì rí iná tó ń gbọ́ràn sí ọkọ̀ lẹ́nu rí. Ẹ ní nígbà tiyín, ọlọ́pàá ni iná, ikùn rẹ̀ lẹ sì máa ń bá sọ̀rọ̀. Bàbá, iná yìí dára. Mo ti wọ bọ́ọ̀sì yẹn láti Ìkòròdú rí, mo rí àwọn ìyá tó dúró lórí ẹsẹ̀ láti àárọ̀ pẹ̀lú ẹrù wọn láàárín ẹsẹ̀. Gbogbo ìgbà tí iná bá dá bọ́ọ̀sì dúró, àwọn ló ń dá dúró. Èèyàn tó wà nínú ẹ̀ pọ̀ ju ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ogún lọ.

Ṣùgbọ́n ó ní iye tí iná náà kò gbọ́dọ̀ gé kọjá, kí ẹni tó ti wà lójú títì lè sọdá tán. Iye yẹn ni wọ́n ní kí àwa lọ wá. Wọ́n fún wa ní aago kékeré kan tí a ń tẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹnì kan bá ti kan títì, tí a tún máa ń tẹ̀ bó bá ti gun òdì kejì. Èmi àti Kámọ́rù, ọmọkùnrin kan tí wọ́n bí sí Ìsàlẹ̀ Èkó gan-an, la jọ ń ṣe é, nínú ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tó ń tàn bí iná. Oòrùn fi wá ṣe ẹran sísun. Ọlọ́mọge lọ, baba arúgbó lọ, alábàárù lọ, a ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù.

Ìgbà yẹn ni ẹnu kọ́kọ́ yà mí. Ẹ sọ fún mi kí n tó kúrò nílé pé ará Èkó kì í kí ara wọn. Bàbá, irọ́ ni o! Ojú títì ni wọ́n ti ń kí ara wọn! Mo rí ọkùnrin kan tó gbé ìdì aṣọ bọ̀ láti Ìdúmọ̀tà, tó pàdé ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní àárín gbùngbùn títì. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ lórí ọ̀dà gbígbóná, ọkọ̀ ń fọn fèrè. Mo rí ìyá kan tó ń bọ̀ láti ọjà Sandgrouse pẹ̀lú báàgì ata, tó pàdé ìyá ọkọ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ìyá ọkọ ní ikọ́ ọmọ ńkọ́. Wọ́n sọ ti ikọ́ náà tán. Ẹni tó yẹ kó fi ìṣẹ́jú àáyá méjìlá sọdá á lo ọgbọ̀n, á lo ogójì. Kámọ́rù ní kí n má wò wọ́n bí ẹni ń wo sinimá. Ó ní àwọn tí wọ́n bí ní Ìsàlẹ̀ Èkó kì í kọjá lára àgbà bí ewúrẹ́, ibi yòówù kí wọ́n ti pàdé.

Ibí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Ọ̀gá wa, ẹnjiníà kan tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, ti sọ fún wa pé bí ìsọdá ẹnì kan kò bá rí bó ṣe yẹ, bóyá bàtà rẹ̀ já tàbí ó padà lọ ṣa nǹkan tó jábọ́, kí a fi igi kan fagi lé e. Kò sọ ti ìkíni. Kò sí ẹni tó sọ ti ìkíni. Èmi ni mo kó gbogbo àwọn tó kúnlẹ̀ àti àwọn tó dọ̀bálẹ̀ mọ́ àwọn tí bàtà wọn já.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé. Ìtìjú ni, Bàbá. Wọ́n ti sọ fún wa pé àwọn àjèjì kan tó mọ iṣẹ́ náà ni yóò yẹ àwọn ìwé wa wò lókè òkun. Mo wá ń rí i lójú ọkàn mi bí wọ́n ṣe ń nàka sí fọ́ọ̀mù mi, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín pé ẹ wo àwọn èèyàn tó ń kúnlẹ̀ níwájú ọkọ̀. Mo fẹ́ kí a dà bí ọ̀làjú. Kámọ́rù rí mi níbi tí mo ti ń fagi. Mo ní kí wọ́n má bàa pè wá ní ará oko ni. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó ní ọmọ Ìsẹ́yìn ló wá ń bẹ̀rù pé wọ́n á pe ọmọ Èkó ní ará oko. Mo bá a rín in. Mo sì ń fagi lọ.

Wọ́n fi ohun tó kù nínú fọ́ọ̀mù wa ṣe ìṣirò. Wọ́n to iná. Wọ́n gbé bọ́ọ̀sì òfìfo kan wá láti fi dán an wò.

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ ìdánwò náà. Mo ti jáde kí Àlájà tó kí ìrun àsùbá tán, torí pé ọ̀gá ní kí a tètè dé. Èmi tí mi ò kí wọn láàárọ̀, ara mi kò lélẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ yẹn, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá ní kí n kó ìwé kan sọdá fún Kámọ́rù. Iná àwọn ẹlẹ́sẹ̀ yọ, nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í kà sílẹ̀ lórí òpó, mo bọ́ sójú títì. Ta ni mo rí tó ń bọ̀ níwájú? Àlájà ni, nínú ìborùn funfun, wọ́n ń lọ kírun alásárì.

Bàbá mi, orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí orí mi tó mọ̀.

Wọ́n dúró. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí. Wọ́n ní Àjọkẹ́, o kú oòrùn, o kú ìdúró. Wọ́n ní Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí n ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíì jẹ. Mo ń ṣe àmín. Wọ́n ní títì tí mò ń ka èèyàn lórí rẹ̀ yìí, kò ní kà mí mọ́ tirẹ̀. Mo gbé ojú sókè láti ṣe àmín sí ìyẹn, mo sì rí nọ́ńbà lórí òpó lẹ́yìn èjìká wọn. Ó fò. Kò kà sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ mọ́, ó fò lẹ́ẹ̀kan. Nínú gbogbo àwọn tó wà lójú títì náà, èmi nìkan ló mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Mo mọ̀ pé bọ́ọ̀sì ń bọ̀. Mo mọ ìṣẹ́jú àáyá tó kù. Ẹnu mi kò ṣí! Háà, Bàbá, ẹnu mi kọ̀, kò ṣí! Ta ló ń já àdúrà gbà mọ́ àgbà lẹ́nu? Ta ni yóò sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ pé àdúrà tó, ẹ jẹ́ ká lọ? Ìgbà tí mo fi máa kígbe, táyà ti ń ké.

Ẹ máa ń sọ fún àwọn mọ́tò-bọ̀ọ̀yì yín pé bíréèkì ọkọ̀ ńlá máa ń gbọ́ràn, àmọ́ kì í tètè gbọ́. Dírẹ́bà náà ṣe gudugudu méje, Ọlọ́run san án fún un. Bọ́ọ̀sì kò kan Àlájà. Ó dúró níbi tí mo ti lè na ọwọ́ fọwọ́ kan iwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Àlájà ti yí padà lójijì, ìró wọn kọ́ wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n sì fi ìbàdí balẹ̀. Mo gbọ́ ìró egungun. Mo ṣì ń gbọ́ ọ bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Mi ò lè sunkún, mi ò lè dìde, mo wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni tó ṣì ń dúró kí àdúrà parí. Kámọ́rù ló sáré wá tó gbé wọn.

Ní ọsibítù, kí wọ́n tó fún wọn lábẹ́rẹ́ tó mú wọn sùn, àṣẹ tí wọ́n kọ́kọ́ pa ni pé kí ẹnikẹ́ni má sọ fún àbúrò wọn pé ojú títì ni. Wọ́n ní balùwẹ̀ ni kí a pè é. Wọ́n ní àwọn mọ̀ yín, bí ẹ bá gbọ́, ọ̀la ni ẹ máa wá mú mi lọ sílé, àwọn kò sì fẹ́ kí iṣẹ́ mi bàjẹ́ nítorí àwọn. Irọ́ tí ẹ gbọ́, nítorí mi ni wọ́n ṣe pa á.

Ẹ ṣì jókòó? Ó ku èyí tó ya mí lẹ́nu jù.

Ní ọjọ́ kẹrin, ọ̀gá pè mí sí ọ́fíìsì. Ó ti kọ ìjábọ̀ lórí ohun tó ṣẹlẹ̀, ó fẹ́ kí n fọwọ́ sí i torí pé ìṣojú mi ni. Mo kà á. Ó ní iná ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ó ní dírẹ́bà ṣe bó ṣe yẹ. Ó wá ní obìnrin àgbàlagbà kan dúró láìnídìí ní àárín títì. Láìnídìí! Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo ní kí ó jọ̀ọ́ jẹ́ kí n mú un lọ sílé lọ rò ó.

Kì í ṣe ìkà èèyàn, mi ò fẹ́ kí ẹ fi í bú. Ó ti mú èso wá kí Àlájà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣàlàyé fún mi bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń ṣàlàyé fún àbúrò. Ó ní bí iná bá ní kí òun dúró de gbogbo ẹni tó ń kí ara wọn l'Ékòó, bọ́ọ̀sì kò ní yára ju kẹ̀kẹ́ lọ, àwọn ìyá tó dúró nínú rẹ̀ ni yóò sì jìyà rẹ̀. Ó ní ìkíni kò sí nínú fọ́ọ̀mù tí àwa fúnra wa mú wá, kí wá ni òun ì bá fi ṣe ìṣirò? Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Kò mọ̀ pé èmi ni. Ó ní àwọn máa ri pátákó kan mọ́lẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n á kọ ọ́ sí i gàdàgbà pé kí àwọn èèyàn má kí ara wọn lójú títì.

Mo sọ ti pátákó fún Àlájà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà kí n lè rí wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n rín in títí ìbàdí fi dùn wọ́n. Wọ́n ní kí wọ́n kọ ọ́ kó tóbi dáadáa, kí àwọn tó bá ń sọdá lè dúró láàárín títì kà á. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé kí ni wọ́n wá kọ nípa àwọn. Ẹ mọ̀ pé mi ò mọ irọ́ pa lójú wọn. Mo sọ ọ́.

Ẹ̀rín kúrò lójú wọn. Àlájà ní, wọ́n ní mo dúró láìnídìí? Èmi tí mò ń ṣàdúrà fún ọmọ àbúrò mi? Wọ́n wá kọjú sí ògiri. Bàbá mi, ẹ̀gbọ́n yín tí kò sunkún nígbà tí egungun ṣẹ́, mo rí i tí èjìká wọn ń mì.

Ilé ni mo gbà lọ tààrà. Mo tú àpótí mi. Ẹ̀dà àwọn fọ́ọ̀mù náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, igi kan péré ni mo sì fi fagi lé wọn, kò dí ẹni tó bá fẹ́ kà wọ́n lọ́wọ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo tún gbogbo wọn kọ sínú ìwé, ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọkùnrin tó sọ ẹrù kalẹ̀, ìyàwó tó pàdé ìyá ọkọ, ọmọléèwé tó kúnlẹ̀ fún tíṣà, arúgbó méjì tó di ara wọn mú tí wọ́n ń bi ara wọn léèrè àwọn tó ti kú. Ilẹ̀ ti mọ́ kí n tó tán. Mo kó wọn lọ bá ọ̀gá. Mo ní mi ò ní fọwọ́ sí láìnídìí. Mo yí ìjábọ̀ náà padà, torí pé kò sí àyè níwájú rẹ̀, mo sì kọ ọ́ sí ẹ̀yìn pé obìnrin náà dúró nítorí pé mo kúnlẹ̀, pé àdúrà ló ń ṣe fún mi, pé èmi ni mo yọ irú wọn kúrò nínú kíkà, kò sì sí ẹni tó rán mi.

Ọ̀gá kà á. Ó gbé bírò sílẹ̀. Ó bi mí pé mélòó ni mo fagi lé. Mo sọ fún un. Ó ní kí n máa lọ sílé.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi jókòó láìgbọ́ nǹkan kan. Ẹ ò rí i, ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé Èkó tóbi. Àlájà wà ní ọsibítù, kò sí ẹni tó pè mí ní Àjọkẹ́ láràárọ̀, mo máa ń dìde nìkan, mo máa ń wo ẹnu ọ̀nà yàrá wọn tí wọ́n tì pa. Mo rò pé wọ́n á fi ọlọ́pàá mú mi. Nígbà tí ọ̀gá pè, ojú títì ló ní kí n wá bá òun. Òun fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú fìlà láti bo oòrùn. Ọjọ́ mẹ́ta ni a jọ fi ka àwọn tó ń kí ara wọn, èmi, òun àti Kámọ́rù. Ní ọjọ́ kejì, àgbàlagbà kan tó mọ bàbá rẹ̀ n'Íjẹ̀bú rí i láti òdì kejì, ó sì bọ́ sójú títì ó ń pe orúkọ rẹ̀. Ẹnjiníà dọ̀bálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mi lẹ́bàá títì kí bàbá náà tó dé ìdajì. Kámọ́rù wò mí, mo wò ó.

Wọ́n ti tún iná náà tò. Wọ́n ti fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án kún iye tí kò gbọ́dọ̀ gé kọjá, wọ́n sì ti sún ibùdókọ̀ wá sí ibi tí bọ́ọ̀sì á ti kọ́kọ́ dúró gbé èrò kó tó dé ibi ìsọdá. Pátákó náà kò sí mọ́. Wọ́n ti yọ láìnídìí kúrò nínú ìjábọ̀. Mo ka èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ fún Àlájà lórí ibùsùn wọn, pé obìnrin náà dúró láti dáhùn ìkíni. Wọ́n ní kí n tún un kà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè oúnjẹ.

Ti èmi, wọ́n ti fún mi ní ìwé pé iṣẹ́ mi parí bí oṣù yìí bá parí. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹni tí wọ́n gbà kó ka èèyàn, tó wá yọ èèyàn kúrò nínú kíkà, kò yẹ kó yà á lẹ́nu. Mo ti ń wá òmíràn. Ẹ má torí ẹ̀ dààmú.

Ṣùgbọ́n ó ku ohun kan tí mo fẹ́ bẹ̀ yín. Mo mọ̀ pé bí Bàṣírátù bá ti ka èyí tán, ẹ ó wá wo ẹ̀gbọ́n yín, ẹnikẹ́ni kò lè dá yín dúró. Ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ nítòsí Ìdúmọ̀tà, ẹ ó sì sọdá níbẹ̀. Èmi ni n ó wá pàdé yín. Bàbá mi, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án kò tó àdúrà yín. Mo ti mọ bí tiyín ṣe ń gùn tó láti kékeré mi. Nítorí náà, ìdúró ni ẹ máa bá mi ní òdì kejì. Ẹ máa rí mi, mo máa rí yín, mi ò sì ní kúnlẹ̀. Ẹ má rò pé Èkó ti ba ọmọ yín jẹ́. Ẹ má dúró, ẹ má gbé ọwọ́ sókè, ẹ má pè mí. Ẹ ṣáà máa rìn bọ̀ títí ẹsẹ̀ yín méjèèjì á fi kúrò lójú títì. Ìgbà yẹn ni n ó wá kúnlẹ̀. Kí ẹ gbé ọwọ́ lé mi lórí, kí ẹ sì jẹ́ kó pẹ́.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí yín sí, yóò dá ti Màmá sí, yóò sì jẹ́ kí Àlájà tún fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ kírun. Ẹ bá mi kí gbogbo agbo-ilé, àgbà àti ọmọdé, ẹ bá mi kí àwọn ará gáréèjì tó máa ń béèrè mi. Ìrìn àjò yín yóò tura.

Èmi ni ọmọ yín,
Síkírátù Àjọkẹ́,
Ìsàlẹ̀ Gángan, Èkó.